Ẹ fẹ́ fa ọ̀nà ẹsẹ̀ yín gùn sí i lórí ilẹ̀ ìjọba? Bá a ṣe ṣe é ní Ifẹ̀ rèé

Àwọn èèyàn ń bi mí léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé báwo la ṣe rí ìwé àṣẹ gbà fún ọ̀nà orí òkè tá à ń rìn láàárọ̀ Sátidé, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbì kan kí n sinmi àlàyé. Ẹ̀bá Ifẹ̀ ni ọ̀nà yẹn wà téèyàn bá forí lé Iléṣà, orí ilẹ̀ ìjọba ni, àwa fọlọntíà la sì ń ro ó. Tíṣà wà nínú wa, télọ̀ wà, ọmọ yunifásítì wà, bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba náà wà níbẹ̀, àwọn gan-an ló kọ́ wa lọ́gbọ́n ọ́fíìsì. Ọ̀nà àkọ́kọ́ tó bíi kìlómítà 3, ìṣòro ẹ̀ ni pé kò yípo, téèyàn bá dé ibi àpáta, ibi tó gbà wá náà ló máa gbà padà, àwọn tó ń gòkè á máa kọlu àwọn tó ń sọ̀. A wá fẹ́ fi kìlómítà kan ààbọ̀ kún un kó lè yí po.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà àkọ́kọ́, a ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A gbé àdá, a gbé ọkọ́, a ti la tó 200 mítà kí ẹnì kan tó wá ká wa mọ́bẹ̀ pé ta ló rán yín níṣẹ́. Wọ́n dá wa dúró, wọ́n ní ká fi igi dí ẹnu ibi tá a là, oṣù 9 gbáko la fi káwọ́ lẹ́rán. Wọn ò jẹ̀bi o, àwa la ṣe é bí ẹni tó wọ oko olóko. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, lẹ́yìn ìyẹn la kọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ilẹ̀ ìjọba, ìjọba wo?

Ẹ má gba "wọ́n ní ti ìjọba ni" gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Òfin ìlò ilẹ̀ ti ọdún 1978 ló kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gọ́mìnà pé kó máa dì í mú fún ará ìlú, èyí tó bá wà nínú ìlú ńlá wà lọ́wọ́ gọ́mìnà, èyí tó wà lẹ́yìn odi, káńsù ló ń bójú tó o. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ yàtọ̀. Ẹ wo OAU, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni, tí òkè yín bá bọ́ sínú ọgbà wọn, ẹ má wulẹ̀ dààmú káńsù rárá, ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ yunifásítì ni kí lẹ́tà yín forí lé. Tó bá sì jẹ́ igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo lẹ máa lọ bá, ibẹ̀ ní òfin tiẹ̀, ẹ má ṣe fi àdá kan ewé kan níbẹ̀ láìgbàwé.

Ilé-Ifẹ̀ tún wá lójú pọ̀ torí káńsù méjì ló pín ìlú kan náà láàárín ara wọn, ti Àárín Gbùngbùn àti ti Ìlà-Oòrùn, ká má tíì sọ ti Àríwá tó fi Ìpetumodù ṣe olú àti ti Gúúsù tó fi Ifẹ̀tẹ̀dó ṣe tiẹ̀. Ẹ̀yin ará Iléṣà náà ẹ má rẹ́rìn-ín, tiyín náà pín sí Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ò mọ ààlà káńsù, ó lè bẹ̀rẹ̀ níbì kan kó parí síbòmíì, lẹ́tà méjì nìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n ni pé kẹ́ ẹ rìn ín pẹ̀lú fóònù tó ń fi GPS kọ nọ́ńbà ibi tẹ́ ẹ bá dé sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé àwọn nọ́ńbà ibẹ̀ fún wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, òun ló máa bá yín lọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú máàpù àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ìjọba ní Òṣogbo bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn lóòótọ́, tàbí ilẹ̀ ìdílé kan ni. Owó díẹ̀ máa lọ sí i. Ẹ san án. Ọ̀pọ̀ ibi táwọn èèyàn ń pè ní ilẹ̀ ìjọba ló jẹ́ pé ìdílé kan ń bẹ lẹ́yìn tó gbà pé bàbá ńlá àwọn ló ni ín, ìjà ilẹ̀ sì kọ́ ni ìjà tí ẹni tó fẹ́ máa rìn nítorí ìlera máa fà lẹ́sẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ra ìwé ńlá kan àti bírò

Ká ní ẹyọ ohun kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú ìyí. Ohun tí mo wá rí ni pé ọ̀nà tuntun kọ́ ló ń ba àwọn ọ́fíìsì lẹ́rù, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i tó bá ti sú yín ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n ti rí ẹgbẹ́ tó wá pẹ̀lú fáàrí, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n gé ríbọ́nù, ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ ibẹ̀ ti di ibi tí àgbàrá ń gbà, ọ́fíìsì ni wọ́n wá ń pè pé kó wá tún un ṣe. Nítorí náà, àwòrán ọ̀nà tuntun yín, bó ti wù kó dára tó, kò lè sọ̀rọ̀ tó ìwé tó fi hàn pé ẹ ti ń tọ́jú ti àtijọ́.

Ìwé tiwa, ìwé ńlá táwọn ọlọ́jà fi ń kọ gbèsè ni. Gbogbo Sátidé la ń kọ ọ́: ọjọ́, aago tá a débẹ̀, aago tá a kúrò, iye èèyàn, ohun tá a ṣe, ibi tá a ti ṣe é. Kò ní ju ìlà mẹ́ta lọ. Bí àpẹẹrẹ: "Aago 7 sí 10, èèyàn 9, igi wó dí ọ̀nà lẹ́bàá odò, a gé e, a gbá ewé kúrò nínú gọ́tà 4." Ẹ wò ó, èèyàn 9 fún wákàtí 3, wákàtí iṣẹ́ 27 nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá wá ro ti odindi ọdún kan pọ̀, iye tó máa jáde máa ya ẹ̀yin fúnra yín lẹ́nu, ọ̀gá ọ́fíìsì náà á sì rí i pé àwọn wọ̀nyí ò wá ṣeré. Ẹ kọ ti ọjọ́ tí ẹyọ èèyàn méjì wá náà sílẹ̀ o, ẹ má fi èrú kún un, ìwé tí èèyàn 20 ń wá lójoojúmọ́ nínú ẹ̀ láì sí òjò láì sí ìnáwó, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́.

Ẹ máa ya fọ́tò láti ojú ibì kan náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò. A fi ọ̀dà kùn ara òkúta 5, orí òkúta yẹn la máa ń dúró sí yà á. Ọgbọ́n télọ̀ wa nìyẹn, ẹni tó ń wọn aṣọ mọ̀ pé ibi téèyàn bá fi tépù sí lẹ́ẹ̀kan náà ló gbọ́dọ̀ fi sí lẹ́ẹ̀kejì.

Tẹ́ ẹ ò bá tíì ní irú ìwé yìí, ẹ má kọ lẹ́tà kankan báyìí. Ẹ lọ fi oṣù 6 kọ ọ́ ná. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ẹsẹ̀ ya ọ̀nà náà kẹ́ ẹ tó fi bírò yà á

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kẹ́ ẹ rìn ín ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti lọ sílẹ̀ tẹ́ ẹ lè ríran, lẹ́ẹ̀kan kété tí òjò ńlá dá kẹ́ ẹ lè rí ibi tí omi ń gbà, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọdẹ tàbí àgbẹ̀ tó mọ ibẹ̀. Ẹ má gé nǹkan kan. Ríbọ́nù aláwọ̀ pupa tàbí àjákù aṣọ ni kẹ́ ẹ máa so mọ́ igi bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ó rọrùn láti tú, ó rọrùn láti sún.

Omi lọ̀tá ọ̀nà ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn ò ba ọ̀nà jẹ́ tó o. Ilẹ̀ pupa tiwa níhìn-ín, tí ewé bá ti kúrò lórí ẹ̀ tí òjò oṣù kẹfà bá a, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ bíi búrẹ́dì inú tíì. Ṣebí àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un, ẹ̀yin lonílé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kéèyàn gé ọ̀nà gùnkè tààrà torí pé ó yá, ó yá lóòótọ́, ọ̀nà omi ló máa dà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà máa gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀.

Òfin kan wà tí àwọn tó ń la irú ọ̀nà yìí káàkiri àgbáyé ń tẹ̀ lé, pé bí ọ̀nà ṣe dagun tó ò gbọdọ̀ ju ìdajì bí ẹ̀gbẹ́ òkè tó gbà kọjá ṣe dagun tó lọ, kó má sì ju ìdá 10 nínú 100 lọ tẹ́ ẹ bá dá gbogbo ẹ̀ pọ̀. Kò le. Ẹ mú okùn tó gùn ní mítà 10, ẹ yá lẹ́fẹ́lì kékeré tí bíríkìlà ń so mọ́ okùn. Kí ẹnì kan mú orí okùn mọ́lẹ̀ lápá òkè, kí ẹnì kejì fa ìdí ẹ̀ lọ sápá ìsàlẹ̀, kó gbé e sókè títí lẹ́fẹ́lì á fi ní ó tẹ́jú, ẹ wá wọn ibi tó gbé e dé láti ilẹ̀. Tó bá jẹ́ mítà 1, ìdá 10 nìyẹn. Tó bá jẹ́ mítà 2, ìdá 20. Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹ̀gbẹ́ òkè fúnra ẹ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá wọn ojú ibi tí ọ̀nà yín fẹ́ gbà. Ká ní òkè jẹ́ ìdá 16, ọ̀nà yín ò gbọdọ̀ kọjá 8 níbẹ̀. Tó bá kọjá ẹ̀, omi ò ní dá ọ̀nà kọjá mọ́, inú ẹ̀ ló máa jókòó sí táá máa bá a sọ̀ kalẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ jẹ́ kí ojú ọ̀nà dagun díẹ̀ sápá ìsàlẹ̀ òkè, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 nínú mítà 1, kí omi lè ṣàn kọjá. Àti pé lẹ́yìn bí ìrìn díẹ̀ díẹ̀, kí ọ̀nà tó ń gòkè tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó máa gòkè lọ, ibi tó sọ̀ yẹn lomi á ti já síta. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn gan-an ò dáa tó bẹ́ẹ̀, omi máa dúró síbẹ̀, àwọn tó ń kọjá á máa gba ẹ̀gbẹ́ yẹra fún pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ̀nà mítà 1 ti di mítà 4.

Mo fi gbogbo èyí sí i torí pé wọ́n máa bi yín. Tẹ́ ẹ bá lè fẹnu ara yín sọ ibi tí omi máa gbà, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú yín

Lórí ilẹ̀ ìjọba yìí náà lẹ máa bá olóko kòkó, ẹlẹ́mu, ọdẹ, àwọn ìyá tó ń ṣẹ́gi, àwọn tó ń já ewé tà lọ́jà. Òmíì nínú wọn ò ní ìwé kankan lórí ibẹ̀, ìyẹn ò kàn yín. Tẹ́ ẹ bá fi wọ́n sẹ́yìn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá parí ọ̀nà ni wọ́n máa kó igi dí i, wọ́n á sì jàre.

Ifẹ̀ lẹ wà pẹ̀lú, ìlú òrìṣà 201. Ibi tẹ́ ẹ rí bí igbó lásán lè jẹ́ ojúbọ ìdílé kan, ó sì lè má sí àmì kankan níbẹ̀ ju igi pèrègún méjì lọ. Ọdẹ tó mú wa rìn dé ibì kan, ó dúró, ó ní, "Ẹ má gba ìhín." A ò bi í ní kí ló dé. A sún ríbọ́nù wa ní bíi 150 mítà lọ sápá ọ̀tún, ó mú kí ọ̀nà gùn sí i, ó tún gba ibi tó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òjìji pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má sì gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe orò lọ láìbéèrè ọjọ́ wọn, ẹ kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ pé ọ̀nà máa wà ní títì lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ fi sínú lẹ́tà yín.

Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ abúlé tó súnmọ́ ibẹ̀ jù, èèyàn mẹ́ta ló tó, kẹ́ ẹ fi àgbà kan ṣáájú. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ má sì kó nǹkan rẹpẹtẹ dání bí ẹni tó wá ra ilẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, ìyá tó wà nínú wa kúnlẹ̀, a kí wọn tán, bàbá tó ti fẹ̀yìntì yẹn ló bá wa sọ ọ́. Bàbá baálẹ̀ tẹ́tí gbọ́ gbogbo ẹ̀, wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní:

"Ó dáa. Tó bá wá rẹ̀ yín ńkọ́, ta ni yóò máa ro ó?"

Ìwé ńlá yẹn la gbé jáde. Wọ́n ní kí ọmọ wọn kà á sí àwọn létí, ó ka bí ojú-ewé mẹ́ta, bàbá ní ó tó. Wọ́n tẹ̀ka sí lẹ́tà kan fún wa lọ́jọ́ náà pé abúlé ti gbọ́ sí i, abúlé sì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn wúlò ju ohun tí mo rò lọ.

Ọ̀rọ̀ ààbò ńkọ́? Ẹ má fojú di í láyé tá a wà yìí. Ẹ sọ fún àwọn ọdẹ àdúgbò, ẹ sọ fún Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ibẹ̀ ṣeé rìn, tí wọ́n bá ní apá kan ò dáa, ẹ fi í sílẹ̀. Wákàtí tí ọ̀nà máa wà ní ṣíṣí, ẹ kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: orúkọ wo lẹ fẹ́ fi tọrọ?

Ọ́fíìsì ò fẹ́ràn àtikọ̀wé sí "àwa ọ̀rẹ́ tó ń rìn ní Sátidé". Wọ́n fẹ́ ẹgbẹ́ tó máa wà bí alága bá kó lọ sí Èkó. Tẹ́ ẹ bá lówó, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, bí ẹgbẹ́ tí kì í jèrè, apá F nínú òfin iléeṣẹ́ ti 2020 ló sọ̀rọ̀ irú ẹ̀. Alábòójútó (trustee) méjì ló kéré jù, ẹ máa kéde sínú ìwé ìròyìn méjì, ọjọ́ 28 sì ni wọ́n máa fi dúró bóyá ẹnì kan máa takò ó. Tí owó ò bá sí, ẹ wọ abẹ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tí káńsù ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwa náà ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní alága, akọ̀wé, akápò, kẹ́ ẹ ní ìwé ìpàdé. Ó tán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lẹ́tà

Òyìnbó lẹ ó fi kọ ọ́, ojú-ewé kan ṣoṣo, má jẹ̀ẹ́ kó di méjì. Ìyàwó alága wa, tíṣà ni, wọ́n gé lẹ́tà àkọ́kọ́ wa kúrò ní ojú-ewé mẹ́rin, wọ́n ní ìwàásù ni a kọ. Gbogbo ìtàn bí rírìn ṣe dáa fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ yọ ọ́, ọ̀gá yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tọrọ ohun tó kéré ju èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Kìlómítà kan ààbọ̀ la fẹ́, 600 mítà la tọrọ, a ní tó bá dára lójú yín a ó padà wá fún 900 tó kù. Ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí nǹkan fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tó ṣeé yí padà ló ń wá. Ara lẹ́tà wa, tí mo bá fi Yorùbá sọ ọ́, lọ báyìí:

"À ń tọrọ àṣẹ láti la ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gùn ní 600 mítà, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 1 lọ, láti ibi àpáta títí dé ibi igi àràbà. Àdá, ọkọ́ àti dígà nìkan la ó lò. A kò ní gé igi kankan tó bá nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, a kò ní da síméǹtì, ọ̀kadà kò ní gba ibẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 2 kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, a ó tì í, a ó sì gbin nǹkan padà síbẹ̀."

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó lágbára láti tì í ò ní bẹ̀rù àtiṣí i.

Ohun tẹ́ ẹ máa so mọ́ ọn: máàpù kan tí ọ̀nà àtijọ́ àti tuntun ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìwé tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fún yín, fọ́tò bíi 6, ojú-ewé méjì tó kó ìwé ńlá yín jọ, ìwé baálẹ̀, nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì tó máa ń gbé ìpè. Ìwé ńlá fúnra ẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni o, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó lójú yín kẹ́ ẹ gbà á padà. Ọ̀rọ̀ àyíká tún ń bẹ, òfin wà láti 1992 tó ní kí wọ́n ṣèwádìí ohun tí iṣẹ́ ńlá lè dá sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é, irú bíi ìsédò, pápá ọkọ̀ òfuurufú, ibi ìgbafẹ́ nínú ọgbà ẹranko igbó ti orílẹ̀-èdè. Ọ̀nà tá a fọwọ́ là ò dà bí àwọn yẹn, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá máa kọjá odò, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń rí sí àyíká, kẹ́ ẹ sì gba èsì wọn lórí ìwé.

Ìgbésẹ̀ keje: gbígbé e lọ àti títọpasẹ̀ ẹ̀

Kọ́pì méjì lẹ máa gbé lọ. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ sí èkejì fún yín pẹ̀lú ọjọ́. Tí wọ́n bá ní "ẹ fi sílẹ̀, kò séwu", ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kẹ́ ẹ má kúrò títí òǹtẹ̀ á fi wà lára ẹ̀. Kẹ́ ẹ tún béèrè nọ́ńbà fáìlì. Lẹ́tà tí ò ní nọ́ńbà fáìlì, ọmọ tí wọn ò sọ lórúkọ ni. Lẹ́tà wa àkọ́kọ́ sọnù ní ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, ọ̀sẹ̀ 11 là ń lọ tá à ń bọ̀, inú fáìlì ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ọjà kan ni wọ́n padà bá a.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀gá kékeré kan wà láàárín, lẹ́tà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá, kẹ́ ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lókè lẹ́tà. Ẹ má fo ẹnikẹ́ni kọjá torí pé ẹ mọ ọ̀gá àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí. Ẹni tẹ́ ẹ fò kọjá yẹn náà ló máa kọ ìmọ̀ràn tí ọ̀gá máa kà.

Ẹ lọ yọjú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè ló dáa, ara ò tíì balẹ̀ ní Mọ́ńdè, ọkàn sì ti kúrò ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án Fúráìdè. Ẹni kan náà ni kó máa lọ, kí wọ́n lè mọ ojú ẹ̀. Ẹ kí akọ̀wé inú ọ́fíìsì yẹn dáadáa, "ẹ kú iṣẹ́ mà", ẹ béèrè àwọn ọmọ. Àwọn ló mọ ibi tí fáìlì wà, ọ̀gá ò mọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé kẹ́ ẹ wá nǹkan fún àwọn ọmọ. Ohun tí bàbá wa máa ń sọ ni pé, "Owó ẹgbẹ́ ni o, ẹ bá wa já rìsíìtì, akápò wa ò ní gbà bí kò bá sí rìsíìtì." Owó tí òfin mọ̀ máa ní rìsíìtì. Èyí tí ò ní, ọ̀rọ̀ ẹ̀ á dákẹ́ síbẹ̀, láìsí ìjà. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn rárá rárá, òfin 2011 kan wà tó fún ará ìlú láṣẹ láti béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi fèsì. Ẹ má tètè yọ ọ́ o. Téèyàn bá fi òfin kanlẹ̀kùn, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọn ò ní fún un ní àga.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ mú wọn rìn

Kò sí lẹ́tà tó lè dúró fún èyí. Ẹ bẹ ẹni tó ń kọ ìmọ̀ràn kó wá wò ó, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ yá rénbúùtù oríṣi ìwọ̀n méjì mẹ́ta dání, obìnrin tí wọ́n rán sí wa wá pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì, ká ní a ò gbé bàtà òjò dání, ibi mọ́tò ni wọn ì bá ti padà. Omi tútù, àkàrà gbígbóná, ó tó, ẹ má ṣe àsè.

Ọ̀nà àtijọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú wọn gbà, ẹ má kánjú dé ibi ríbọ́nù. Ẹ fi gọ́tà tẹ́ ẹ gbẹ́ hàn wọ́n, ẹ fi ibi tó bà jẹ́ náà hàn wọ́n kẹ́ ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe tún un ṣe. Tí wọ́n bá ní ríbọ́nù kan ò dáa síbi tó wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn sún un. Méjì ni màdáámù yẹn sún. Ọ̀kan dáa ju tiwa lọ, èkejì, ká sọ tòótọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ dáa, a sì fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tá a dé ibi àpáta, wọ́n jókòó, wọ́n mumi, wọ́n bi wá pé, "Ọdún méjì sí i, ta ló máa máa tọ́jú ẹ̀?" Ẹ̀rín pa wá torí a ti gbọ́ ọ lẹ́nu baálẹ̀. Ẹni tí ìwé ńlá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti ń ṣí i.

Tí wọ́n bá ní rárá

Ẹ béèrè ìdí ẹ̀ lórí ìwé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Rárá" lè jẹ́ "kì í ṣe ibẹ̀", ó lè jẹ́ "kì í ṣe báyìí". Ẹ gé e kù, ẹ padà lọ. Ẹ má lọ gbé e sórí rédíò.

Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni

Ẹ má gba ti ẹnu. Wọ́n lè gbé ọ̀gá yẹn lọ sí ẹ̀ka míì lọ́la, ẹni tó bá dé kò mọ yín rí. Ẹ ka ìwé àṣẹ náà lákàtúnkà, ọjọ́ tó parí, ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má ṣe, kẹ́ ẹ ṣe kọ́pì ẹ̀ fún baálẹ̀. Ẹ fi kọ́pì míì sínú ọ̀rá, kí ẹni tó ń darí iṣẹ́ máa mú un dání lójúmọ́ tí iṣẹ́ bá wà, aṣọ́gbó tàbí ọlọ́pàá lè béèrè.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dáa jù láti là á, oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ilẹ̀ ti rọ̀ nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á dì. Ẹ la 50 mítà àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ dúró de òjò ńlá kan, kẹ́ ẹ lọ wò ó. A ṣe bẹ́ẹ̀, a rí ibì kan tí omi jókòó sí tí okùn àti lẹ́fẹ́lì ò sọ fún wa, a tún un gé kó tó di nǹkan. Tí òjò bá wá le jù, ẹ ti ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ so okùn mọ́ ẹnu ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Inú á bí àwọn kan. Ó dára bẹ́ẹ̀.

600 mítà tiwa ti parí, lẹ́tà fún 900 tó kù ti wà lọ́fíìsì, ó ní òǹtẹ̀, ó ní nọ́ńbà fáìlì. Ní Sátidé tó ń bọ̀, gọ́tà ẹ̀gbẹ́ àràbà la fẹ́ kó ewé kúrò nínú ẹ̀, aago 7. Kí ẹni tó bá ń bọ̀ gbé àdá tiẹ̀ dání, ti ẹgbẹ́ ò kárí.